Kọ̀ǹpútà Ìdí-Igi Mẹ́ta

Tí Muhydeen bá tan kọ̀ǹpútà ilé Ajagunlà kó tó lọ ṣe àlùwàlá, tó kírun àsùbáà tán, tó wọ́ tẹ̀sùbáà, tó sì kí àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó bá a pé ó ti ṣí. Ó sì ṣeé ṣe kó má tíì ṣí. Ọdún kejìdínlógún rèé tí ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì ní pálọ̀ ńlá ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun bò ó kí ewúrẹ́ má baà jẹ okùn rẹ̀. Eruku ti wọ inú rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá tàn án, ṣe ló ń mí bí àgbàlagbà tó gun òkè Mápó láìsinmi. Láti ọdún tó kọjá wá ni àìsàn rẹ̀ ti di ti gidi. Bó bá ṣí, kò ní í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ó rọrùn fún ará ìta láti ní kí wọ́n jù ú nù. Ará ìta kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìtàn ilé Ajagunlà ló wà níbẹ̀, odidi rẹ̀, ojú ìwé tó lé ní igba. Ìyá Àgbà Àtọ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Muhydeen, ló fi ẹnu sọ ọ́, Muhydeen tó jẹ́ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kudeti ló sì tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́sàn-án Sátidé, màmá á jókòó, á na ẹsẹ̀, á máa sọ ọ́ bọ̀: ẹni tó tẹ ilé dó, ìlú tó ti wá, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta àti ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí, ẹni tí wọ́n sin sí yàrá wo, ẹni tí wọ́n bí sínú ilé àti ẹni tí ogun kó wá. Muhydeen á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lọ, inú rẹ̀ á sì máa dùn, nítorí kò tíì ṣe ohun kan láyé rẹ̀ tó tóbi tó ìyẹn.

Ní báyìí, màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, iyè rẹ̀ sì ti lọ. Bó bá jẹun tán, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa béèrè ohun tí òun ṣe tí wọ́n fi ń febi pa òun. Ìtàn yẹn kò sí lórí ẹnikẹ́ni mọ́. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù sí.

Ẹ máa ní, kí ló dé tí kò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà? Wọ́n kọ̀ fún un ni. Lọ́jọ́ tí ẹbí fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ ìtàn, àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni yóò wà. Kò gbọdọ̀ sí ti bébà, kò gbọdọ̀ sí ti fíláàṣì. Ìbàdàn ni, ìlú jagunjagun. Agbo ilé tí kò ní ọmọ ẹni tí ogun kó wá nínú kò wọ́pọ̀, ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ lè fi bú ìdajì ilé. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Muhydeen ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ọmọ dáadáa, tí kì í ja àgbà níyàn. Ẹ̀rù wá ń bà á báyìí débi pé kì í lè sùn.

Ó lọ sí Bẹẹrẹ, ó pe Ẹ̀bùnọlá wá, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kò mọ ọ̀rọ̀ í pọ́n. Ẹ̀bùnọlá tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó sì fi etí tì í.

"Tíṣà, mi ò ní í purọ́ fún yín," ó ní. "Páwà ẹ̀ tó ń gbé iná fún un ti rẹ̀ ẹ́. Rámù ẹ̀ kéré, kò lè gbé nǹkan. Dísìkì tí gbogbo ohun tí ẹ kọ wà nínú ẹ̀ náà ti ń dún kẹ́kẹ́, ìyẹn ò dáa rárá. Ẹ jẹ́ kí n yọ dísìkì yìí nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Láàárín wákàtí méjì, màá ti kó ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú òmíì. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan. Tí ìyẹn bá ti bọ́ sí i, a lè wá máa sọ ti ara kọ̀ǹpútà."

"Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò bá ní kó o máa gbé e lọ nísinsìnyí," Muhydeen dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ti ẹbí ni."

Nípàdé ẹbí ọjọ́ Sánńdè, ó ro ẹjọ́ náà fún Mógàjí, olórí agbo ilé, àti àwọn àgbà. Ó rò ó débi pé ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Mógàjí gbọ́ ọ dé òpin, ó sì mi orí.

"Tíṣà, o ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé yìí ò ní í sun ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni."

"Wákàtí méjì péré ni, Bàbá."

"Ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Kí ẹni yẹn wá bá wa nílé, kó ṣe é lójú gbogbo wa."

Bí wọ́n ṣe yanjú ìyẹn ni wọ́n tún dé orí bí wọ́n á ṣe ra àwọn ohun èlò. Kò sẹ́ni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yìí, tuntun kò sì ṣeé dá lábàá; tòkunbọ̀ ni wọ́n máa rà. Muhydeen ní kí wọ́n jọ dáwó náà, kí Ẹ̀bùnọlá rà á. Ìyá Bushrah tó ń ta abọ́ ní Ọjà'ba béèrè pé ta ló mọ iye tí ìyẹn máa gbé lé e. Ẹlòmíràn ní kí Muhydeen kúkú rà á fúnra rẹ̀. Wọ́n pariwo mọ́ ọn. Ẹni tó bá dá rà á, lọ́la ó lè ní òun lòun ni kọ̀ǹpútà. Ni wọ́n bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nílé Ajagunlà, wọ́n pín in sí ìdí-igi. Ìyàwó mẹ́ta ni baba ńlá wọn fẹ́, ìdí-igi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn Muhydeen, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, á ra dísìkì mìíràn. Àwọn Ìyá Bushrah, ọmọ ìyàwó kejì, á ra rámù. Àwọn Bàbá Basit, ọmọ ìyàwó kẹta, á ra páwà.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," Mógàjí wí, inú gbogbo wọn sì dùn. Muhydeen kọ irú èyí tí oníkálukú máa rà sórí bébà, ó pín in fún wọn. Ó kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń ka ìwé fáwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

Ọjọ́ Sánńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àílà, pálọ̀ kún. Ẹ̀bùnọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Dísìkì Muhydeen pé, kò lábùkù. Ìyá Bushrah tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ rámù tirẹ̀ jáde, ó sì kọ́kọ́ sọ bí òun ṣe ná an títí tí ọkùnrin tó tà á fún òun fi ń bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀bùnọlá gbà á, ó wò ó lọ wò ó bọ̀.

"Màmá, ti láptọ́ọ̀pù lèyí. Ó kúrú. Kò lè wọlé síbí."

"Kó kúrú báwo? Ẹ tì í dáadáa!"

Àwọn èwe tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín sábẹ́ fìlà. Ojú Ìyá Bushrah pọ́n. Ó gba rámù rẹ̀ padà, ó dìde, ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, àwọn ọmọ ìdí-igi rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Mógàjí rí i. Ó bá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wí, àmọ́ ẹ̀rín tó ti jáde lẹ́nu kò ṣeé kó padà. Ẹ̀bùnọlá ní kò burú, wọ́n lè fi rámù àtijọ́ ṣe é, á kàn máa fà ni.

Ó wá kan Bàbá Basit. Bẹyẹrúnkà ló ti ń tún ara mọ́tò ṣe. Ara kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n gbé jù sẹ́yìn ọ́fíìsì kan ló ti yọ páwà tirẹ̀, ó sì ti fi pẹtiróòlù nù ún títí tó fi ń dán. Ẹ̀bùnọlá mì í, nǹkan kan ń ró gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yọ dísìkì àtijọ́ yìí kúrò ná, ká tan páwà yìí lórí òfìfo, kó má baà ba dísìkì jẹ́. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, màá dá a padà."

"Májèlé ni mo gbé wá ni, tó o fi fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?" Bàbá Basit dìde dúró. "Ẹ ti fi ìdí-igi kejì rẹ́rìn-ín tán, ó wá kan tiwa, àbí? Wàláhì, tí ẹ bá máa dán ohun tí mo gbé wá wò lójú gbogbo ayé, mo ń gbé e lọ sílé."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n parí ìjà oyè Mógàjí, àti pé ìdí-igi kẹta ló gbà láti fi í sílẹ̀. Tí Bàbá Basit bá fi ìbínú jáde lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

"Ẹ má yọ nǹkan kan," Mógàjí wí. "Bó ṣe wà náà ni kẹ́ ẹ ṣe tàn án. Tíṣà, àbí kí lo wí?"

Muhydeen mọ ohun tó yẹ kó wí. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdí-igi àkọ́kọ́ ni, tóun bá sì sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ọmọ ìyálé ló ń fi ojú ọmọ ìyàwó kékeré gbolẹ̀. Ẹ̀bùnọlá ń wò ó. Muhydeen wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá," ó ní. "Kó tàn án."

Ẹ̀bùnọlá so ó pọ̀, ó sì tàn án. Fáànù yí, iná aláwọ̀ ewé tàn, àwọn èwe pàtẹ́wọ́, Bàbá Basit sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí nǹkan dún *pọ̀* nínú àpótí náà, tí òórùn rọ́bà tó ń jó gba pálọ̀ kan. Ẹ̀bùnọlá já okùn iná. Ó fọwọ́ fẹ́ èéfín kúrò, ó yọ dísìkì àtijọ́, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ojú kan ti dúdú níbẹ̀, kò tóbi ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ó ti jó," ó ní. "Ohun tí ẹ kọ ṣì lè wà nínú ẹ̀ o, ẹnu ọ̀nà ló jó. Àwọn kan wà l'Ékòó tó lè ṣí i. Owó wọn á ra irú kọ̀ǹpútà yìí mẹ́wàá, á sì pẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Èkó?" Mógàjí ní. "Kí ará Èkó jókòó máa ka ìtàn ilé wa?"

Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà, ta ni yóò san án? Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá Basit yọ páwà rẹ̀, ó fi bébà wé e, ó ní dísìkì wọn tó ti kú tẹ́lẹ̀ ló ba tòun jẹ́. Ìyá Bushrah ní òun ń lọ dá rámù padà fún ẹni tó tà á. Wọ́n ní kí Muhydeen náà mú dísìkì tó rà. Bí wọ́n ṣe pín kọ̀ǹpútà nìyẹn, bí ẹni pín ogún, kálukú mú ti ìyá rẹ̀. Ohun tó ká Muhydeen lára jù ni pé ọkàn àwọn mìíràn nínú wọn balẹ̀. Ẹni tí ogun kó wá àti ẹni tí wọ́n bí sílé, wọ́n ti di ọ̀kan náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Inú bí i gidigidi, ó sì mọ̀ pé ara òun ni òun ń bínú sí.

Ẹ̀bùnọlá kò gba owó. Nígbà tí Muhydeen sìn ín dé títì, ó kàn sọ pé, "Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n gbé e lọ, Tíṣà."

Lọ́jọ́ kejì, bí iléèwé ṣe jáde, ó ra ìwé ọlọ́gọ́rin ewé àti bírò, ó sì wọ yàrá Ìyá Àgbà Àtọ́kẹ́ lọ. Ara màmá yá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti di irun rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Muhydeen jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìwé. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni kó ṣáà rí gbà. Orúkọ mẹ́wàá péré náà tó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn ilé yìí fún mi."

"Ilé wo?"

"Ilé Ajagunlà."

Ojú màmá mọ́lẹ̀. Ó jókòó dáadáa, ó wo Muhydeen látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, Muhydeen sì gbé bírò lé ìwé.

"A kì í sọ ọ́ fún ẹni tí a ò mọ̀," ó ní. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Làmídì ni mí, Màmá."

"Làmídì ọmọ ta?"

"Ọmọ Sànúsí."

Bàbá tó bí màmá fúnra rẹ̀ ni Sànúsí, ṣùgbọ́n ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Sànúsí, ọmọ ta?"

Muhydeen la ẹnu. Ọwọ́ òun náà ló tẹ orúkọ yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tẹ orúkọ ọkùnrin náà, ó tẹ ti ìyá rẹ̀, ó tẹ yàrá tí wọ́n sin ín sí, ìyẹn yàrá tí wọ́n ṣì ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó wá a, kò rí i. Kọ̀ǹpútà ló ti gbé e fún pa mọ́, láti ìgbà náà ni kò sì ti ru ú lórí mọ́.

Màmá na ọrùn sí i, ó ń retí èsì. Muhydeen náà gbójú sókè, ó ń wo ẹnu màmá, kí màmá sọ ọ́ fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí.