Bíréèkì Tó Mú Dáadáa

"Ẹ yára ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n tó kírun tán ni kí ẹ ti kúrò níbẹ̀."

Kọ́pùrà Caleb ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹnu bàtà rẹ̀ tọ́ mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo wà nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, mo dùbúlẹ̀ sórí páálí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mọ́ṣáláṣí wà ní òdìkejì títì, ohùn lèmọ́mù sì ń dún látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tó ń sọ kò yé mi, èmi náà kò sì jẹ́ kó yé mi. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì ní Ìlarò, mi ò pa ìrun Jímọ̀ jẹ rí nítorí ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pa á jẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ló ni bọ́ọ̀sì náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń ná Ìlarò sí Ọjà-Ọ̀dàn. Èmi ni mo ń tún gbogbo wọn ṣe. Sàláúdéènì ló ń wa èyí tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ọlọ́kadà kan já wọ títì níwájú rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Sàláúdéènì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ gbé e sá lọ sápá ọ̀tún, ó kúrò lórí títì, ó sì kọlu ìyá àgbàlagbà kan, Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, tó jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó ń dúró de ọkọ̀. Ìyá náà kò dé ọsibítù kó tó kú. Àwọn ọlọ́pàá ní eré àsápajúdé ni Sàláúdéènì ń sá, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Eré kọ́. Mo mọ ohun tó fa ọkọ̀ yẹn sápá ọ̀tún, nítorí èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Sàláúdéènì gbé ọkọ̀ náà wá bá mi. Ó ní bíréèkì ti rọ̀, pé bóun bá tẹ̀ ẹ́, á kàn wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù, àfi kóun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ràn. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo wo igo òróró bíréèkì. Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Òróró kì í ṣáà ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó gbà jáde. Mo wo táyà ẹ̀yìn méjèèjì, gbígbẹ ni wọ́n. Mo yọ táyà iwájú òsì. Inú rẹ̀ rin gbindin, eruku ti di ẹrẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ lára. Mo fi ìka kàn án, mo ra á láàárín ìka méjì: omi kì í yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òróró ẹ́ńjìnnì kì í sì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò tún sí ohun tí mo fẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Rọ́bà inú kálípà, ìyẹn irin tó ń fún táyà mú bí a bá tẹ bíréèkì, ló ti gé.

Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá wá wò ó, ó fi áńkáṣífù bo imú nítorí òórùn òróró. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọjọ́ ọjà lọ̀la. Ẹ bá mi dí ẹsẹ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Wọn ò ní kálípà lọ́jà báyìí."

Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dí ẹsẹ̀. A ó tú páìpù tó ń gbé òróró lọ síbi tó ń jò, a ó gé orí ìṣó, a ó tì í bọ ẹnu páìpù náà, a ó wá fi nọ́ọ̀tì dè é pa. Òróró kò ní jò mọ́. Bíréèkì á le padà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ṣùgbọ́n táyà mẹ́ta ni yóò máa mú, ìkẹrin á kàn máa yí lọ ní tiẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bàjẹ́ sí lọ́wọ́ lọ́nà oko la máa ń ṣe é fún, kó lè rọra wà á délé. Kì í ṣe àtúnṣe, àwa tá à ń ṣe é la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan náà di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́jọ. Mo rán Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá létí títí ó fi sú mi. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n." Sàláúdéènì tiẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Bó bá fẹ́ tẹ bíréèkì, á ti kọ́kọ́ fa sítíárìn sápá òsì díẹ̀, kí ọkọ̀ má baà gbé e lọ sápá ọ̀tún. Àmọ́ ọlọ́kadà ọjọ́ yẹn kò fún un láyè láti kọ́kọ́ ṣe ohunkóhun. Mo yin Sàláúdéènì nígbà kan fún ọgbọ́n sítíárìn yẹn, lójú àwọn èèyàn. Bí mo bá rántí báyìí, inú ara mi ló ń bí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn jàǹbá náà, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá wá bá mi nílé. Kálípà tí kò sí lọ́jà fún oṣù mẹ́jọ ti wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń bọ̀," ó ní. "Mo ti bá Kọ́pùrà sọ̀rọ̀, ó gbọ́ mi yé. Lọ́la, tí wọ́n bá lọ kírun, á ṣí géètì fún yín. Ẹ yọ ìṣó yẹn, ẹ fi èyí sí i."

"Ọ̀gá, Sàláúdéènì ńkọ́?"

"Mò ń bá a gbàdúrà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ìṣó yẹn, ẹ̀gbọ́n, wọ́n á béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Èmi ò mọ sípánà dì mú o. Ẹ̀mí ló sì lọ sí i."

Ó mu omi tí ìyàwó mi gbé fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ mi níkọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Mo jókòó ti kálípà náà. Mo wá ọ̀nà tí mo lè gbà láìkan ara mi, mi ò rí ọ̀kan.

Bí mo ṣe dé abẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Mo ti yọ ìṣó náà, mo ti jù ú sápò, mo ń de kálípà tuntun, ìgbà náà ni ikọ́ gbé mi. Mo wú u díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n Jibril, àbí ẹ̀yin kọ́? Mo mọ ikọ́ yín."

Láti ojú fèrèsé àtìmọ́lé ló ti pè mí, fèrèsé kékeré kan tó ga sókè lára ògiri. Kò lè rí mi níbi tí mo wà, èmi náà kò sì lè rí i.

"Èmi ni, Sàláúdéènì."

"Àlìhámídúlílàhì! Mo ti mọ̀ pé ẹ máa wá. Mi ò tíì dárúkọ yín fún wọn o. Mo ní kí ẹ fẹnu ara yín ṣàlàyé fún wọn, torí bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń purọ́ kí n lè bọ́ ni. Ẹ má yọ ìṣó yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

"Mo gbọ́," mo ní.

Kọ́pùrà Caleb wo ibòmíràn. Mo fi òróró àtijọ́ àti erùpẹ̀ kun kálípà tuntun náà lára, títí ó fi jọ ògbólógbòó. Ó wá ku kí a lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, iṣẹ́ ẹni méjì sì ni: ẹnì kan á jókòó síbi awakọ̀ á máa tẹ bíréèkì, ẹnì kejì á máa ṣí ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Kọ́pùrà ló bá mi jókòó síbẹ̀. Mo rọra sọ ohun tí yóò ṣe fún un.

"Kí lẹ wí?" ó ní. "Mi ò gbọ́."

Mo tún un sọ. Kò gbọ́. Kò sí ọgbọ́n mìíràn, mo gbé ohùn sókè.

"Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Fi í sílẹ̀! Tún tẹ̀ ẹ́!"

Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún mi láìmọye ìgbà, ó sì mọ̀ pé a kì í sọ ọ́ àfi bí a bá ti tún bíréèkì ṣe. Mo retí kó pariwo. Kò pariwo. Mi ò gbọ́ ohunkóhun mọ́ láti ojú fèrèsé náà títí mo fi kó irinṣẹ́ mi jáde.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀, Mẹ̀dínátù, gba ìdí iṣẹ́ mi kọjá. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé abọ́ oúnjẹ tó fẹ́ gbé lọ fún ọkọ rẹ̀ dání. Gàárì ló ń tà ní Ọjà-Ọ̀dàn. Kò mọ ohunkóhun nípa ìṣó, Sàláúdéènì kò sọ fún un rí kí ọkàn rẹ̀ má baà máa kọ́ sókè ní gbogbo ìgbà tóun bá jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n á wa ọkọ̀ yẹn wò lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dúró. Mi ò lẹ́nìkan."

Mo ní màá wá. Inú mi bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè wojú ọmọ tó pọ̀n.

Ìyáàfin Yétúndé lorúkọ obìnrin tó wá yẹ ọkọ̀ wò. Mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ oníwọ̀bìà, ẹni tí Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá yóò ti fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́rùn mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá pàápàá, kò gbà á lọ́wọ́ Kọ́pùrà. Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó tan iná sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wọ inú ọkọ̀, ó sá eré gba orí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, ó sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì náà dúró gbọin-in, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bí mo bá ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni, Màmá Rẹ̀mílẹ́kún á ti gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ délé.

Wọ́n ti mú Sàláúdéènì jáde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, wọ́n ti tún un ṣe," ó ní. "Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti dí ẹsẹ̀ iwájú òsì yẹn látọjọ́ pípẹ́. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n, wọ́n wà níbẹ̀ yẹn. Wọn ò ní purọ́ fún yín."

Obìnrin náà rìn wá bá mi. "Ẹ̀yin lẹ máa ń tún un ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ gbọ́, bàbá. Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́. Ṣé àbùkù wà lára bíréèkì yìí kí jàǹbá yẹn tó ṣẹlẹ̀?"

Mo ti ọwọ́ bọ àpò. Ìṣó náà wà níbẹ̀. Láti ilé ni mo ti pinnu pé màá gbé e lé e lọ́wọ́, mo tiẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá dúró lẹ́bàá géètì, fóònù ló ń tẹ̀, kò wò wá rárá. Mo wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Sàláúdéènì, ibi tó ti bó o lára. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

"Kò sí àbùkù kankan, mà," mo ní. "Bíréèkì rẹ̀ mú dáadáa."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ kò ní àbùkù, pé eré awakọ̀ ló fa jàǹbá náà. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Sàláúdéènì kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ dáadáa, títí Kọ́pùrà fi fà á wọlé padà.

Mẹ̀dínátù wà níta géètì, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Láti ẹ̀yìn irin ló ti wo gbogbo rẹ̀, ibi tí a kò ti lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Bí mo ṣe jáde báyìí, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú mi, tòun ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé! Ọlọ́run á san án fún yín. Mo rí i, ó dúró! Mo ti ń sọ fún wọn pé ọkọ mi kì í fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣeré, pé ó máa ń tọ́jú rẹ̀, wọn ò gbà mí gbọ́. Ojú wọn ti wá já a báyìí." Ẹkún àti ẹ̀rín ló dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Ṣé òní ni wọ́n á fi í sílẹ̀, àbí ó di ọ̀la?"

Mo ní kó dìde. Kò dìde, ìdáhùn ló ń dúró dè. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kó lè gbé mi padà sí ìdí iṣẹ́.

"Ó lè di ọ̀la," mo ní.

Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. Ó ní òun ń sáré lọ fọ jalabíà funfun tí Sàláúdéènì yóò wọ̀ bọ̀ wálé, kó lè tètè gbẹ.