Ìràwọ̀ Tó Ń Súnkì

Ìyá Ìbejì ló wà níwájú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọ̀run. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè ní Bàbá Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tó ti tutù tipẹ́.

Òkú ìràwọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Ó wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ kò fẹ̀ ju ìlú kan lọ. Láti ìgbà èwe Bàbá ló ti ń sọ pé niutírọ́ọ̀nù, hóró tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù, ló kún inú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ò gbà mọ́. Ìràwọ̀ náà kéré jù, ó sì ń tutù kíákíá ju bí ìṣirò Bàbá ṣe wí.

“Ẹ jẹ́ ká ní ìkòkò ni niutírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, sà, hóró kúákì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo jù, ṣé ìkòkò ò ní fọ́ ni? Gbogbo kúákì á wá dà pọ̀. Ìràwọ̀ míì nìyẹn.”

“Ìṣirò lásán. Ta ló rí i rí?”

“Ìṣirò yẹn náà ló ní bí ẹ̀rún kan lára irú ìràwọ̀ kúákì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú ìràwọ̀ niutírọ́ọ̀nù, á jẹ ẹ́ látinú wá, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Ẹni tó wà lóde ò ní fura.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Lọ fi ìyẹn dẹ́rù ba àwọn ìbejì rẹ.”

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ìlà tó ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìràwọ̀ náà ń yí kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

“Ó ń súnkì, sà. Ohun tó bá ń súnkì ló ń yára yí bẹ́ẹ̀.”

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kò sẹ́ni tó wò ó.

“Ìmọ́lẹ̀ yìí ti gbéra kí wọ́n tó bí baba ńlá wa,” ni Bàbá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ó jìnnà, ohun tó ń jẹ ẹ́ ò lè débí.”

“Mo mọ̀, sà.”

Ìyá Ìbejì ṣí àwòrán òkú ìràwọ̀ kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò láti àárọ̀. Ìlà tiẹ̀ náà ń sáré. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ní òkè òkun. Fóònù ò tíì dún dáadáa tí ọkùnrin kan fi gbé e.

“Ṣé ẹ̀yin náà rí i?” ló sọ, kò tiẹ̀ kí i. “Àwa ti rí mẹ́rin tó ń súnkì.”

Bàbá gbọ́. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

“Ìyá Ìbejì,” ó ní, “fi ìṣirò rẹ yẹn hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀.”