Ìbátan Ọ̀bọ

…bí wọ́n bá wá dé ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé bàbá ò lọ? Pé bàbá ń lọ, ẹ bá mi rọra gbé e? Ẹ̀gbọ́n mi ní mọ́tò ìjọ á dé kí oòrùn tó mú. Oòrùn ti ń mú. Ó ti wọ yàrá, ó ti dé orí aṣọ tí mo fi bo ẹsẹ̀ bàbá mi, èmi sì jókòó tì í, mo gbé abọ́ ògì lé itan, mò ń fi ṣíbí rò ó, mò ń wá ohun tí mo fẹ́ nínú ara mi, mi ò rí i. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, ìyẹn náà á jẹ́ nǹkan. Mi ò fẹ́. Mi ò kọ̀. Inú mi kàn dákẹ́ bíi kíláàsì lásìkò ìsinmi.

Ẹ la ẹnu, Bàbá.

Ó la ẹnu. Apá òsì nìkan ló ń gbọ́ràn. Ti ọ̀tún wà níbẹ̀, ó rọ̀ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ògì ń gbà jáde. Mo nù ún. Mo tún bù díẹ̀. Mò ń wo ọ̀fun rẹ̀ — ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ — ó ti gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀ ni. Dókítà ní bí mo bá kánjú, ó lè pá a lórí.

"Ọ̀hún," ni bàbá mi wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi sílẹ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn. Omi, ọ̀hún. Ìrọ̀rí, ọ̀hún. Kí n ṣí fèrèsé, ọ̀hún. Bó bá fẹ́ pe orúkọ mi, Tinúadé, bóyá ọ̀hún náà ni. Mi ò mọ̀ bó fẹ́ pè é.

Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé Awóníyì. Hẹ́ẹ̀dimásítà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Ìjọ l'Ókè-Ogbó. Ẹni tó máa ń gbàdúrà títí àwọn ọmọdé á fi sùn lórí bẹ́ǹṣì, tí kò ní tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì…

Egungun kékeré kan wà lókè ọ̀fun, lábẹ́ ahọ́n, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbé ti rọ́bà sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì. Ti ìnàkí rèé. Tiwa rèé. Ti Neanderthal, irú ènìyàn àtijọ́ tó ti parẹ́, sì rèé, ẹ wò ó, ẹ ò lè yà á sọ́tọ̀ sí tiwa. Wọ́n á ní, "Ma, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?" Mo máa ń ní a ò mọ̀, pé egungun wà kò ní kí ọ̀rọ̀ wà. Mo máa ń sọ ọ́ bí àwàdà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ti bàbá mi wà níbẹ̀ pérépéré, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè sódò lábẹ́ awọ.

Ẹ tún la ẹnu.

Neanderthal. Orúkọ tó tú wa ká nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ náà gan-an, ètò orí rédíò kan ni, níbi tí wọ́n ní kí n wá fi Yorùbá sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ètò náà bi mí, "Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀bọ ló bí wa?" Mo ní rárá. Mo ní ọ̀bọ ò bí wa, ìnàkí ò bí wa. Baba ńlá kan náà ló bí àwa àti ìnàkí láyé ọjọ́un, kálukú sì gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ọ̀bọ jìnnà ju ìyẹn lọ, àmọ́ inú ẹbí náà ló wà. Mo ní àwọn kan tiẹ̀ wà, àwọn Neanderthal, tó sún mọ́ wa ju gbogbo wọn lọ, ènìyàn ni wọ́n, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n gbé, wọ́n ń dáná, wọ́n ń sin òkú wọn. Nígbà tí irú àwa yìí jáde kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, a bá wọn pàdé. A bá wọn bímọ. Àwọn ti parẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn ò tíì tán lára ọmọ ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni náà pariwo, "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará!" Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé ó dùn — bí ènìyàn ṣe ń rántí àwọ̀ aṣọ tó wọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá mi dìde láàárín ìjọ. Màmá mi ló pè mí, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù, bíi pé ẹni tó wí i wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ní ọmọ tó bá pe ọ̀bọ ní ẹbí, kó lọ bá ọ̀bọ pín ogún. Ó ní ìwọ ìbátan ọ̀bọ, o ò gbọdọ̀ wá sílé òun mọ́."

Ìjọ ṣe àmín. Ṣé ìyẹn náà ń gba àmín?

Láti Mayfair níbí dé Òkè-Ogbó, ọ̀kadà kan ni. Inú ìlú kan náà. A jọ ń gbọ́ òjò kan náà lórí páànù. Nígbà tí a sin màmá mi, mo lọ, ta ni ò ní lọ? Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí àlejò, ó sì kí mi. "Ẹ káàbọ̀ o, Dókítà. Ẹ kú ìrìn." Ẹ. Bàbá tó bí mi. Ó fi ọ̀wọ̀ tì mí síta. Mo dúró níbẹ̀, àpò lọ́wọ́, mò ń ronú ohun tí wọ́n ń fi fèsì irú ìkíni bẹ́ẹ̀… mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Láti ọjọ́ náà ni ohun tó yẹ kó máa dùn mí ti dákẹ́.

Bó ṣe wá dénú ilé mi nìyí o: lẹ́yìn tí àrùn náà kọlù ú, wọ́n gbé e wá. Kò sẹ́ni nílé, ẹ̀gbọ́n mi Oyèkúnlé wà l'Ábùjá, èmi ni mo wà nítòsí. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń pààrọ̀ ìlédìí. Mò ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Àwọn aládùúgbò ní, "Olúwa á san án fún ọ, ìfẹ́ nìyẹn." Mo máa ń ní àmín. Ìfẹ́ kọ́. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é.

Àgbàlagbà kan wà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ ní kíláàsì. Neanderthal ni, inú ihò àpáta kan nílẹ̀ Ìráàkì ni wọ́n ti hú u jáde. Nǹkan ti gbá a lójú rí, bóyá ojú kan ò ríran. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ó ti gbẹ. Ó ń tiro. Gbogbo ọgbẹ́ yẹn sì ti jinná tipẹ́ kó tó kú, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀. Kò lè dá ṣọdẹ. Ẹnìkan ló ń fún un lóúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Abdulwaheed, nawọ́ lọ́dún tó kọjá: "Ma, ṣé wọ́n fẹ́ràn bàbá yẹn ni, àbí wọ́n kàn ń ṣe é?" Mo ní egungun ò lè sọ ìyẹn fún wa. Mo ṣí àwòrán tó kàn.

Ta ló ń bọ́ bàbá inú ihò yẹn? Ọmọ rẹ̀? Ọmọ náà… ṣé bàbá náà ti ṣe é níkà rí? Ṣé òun náà jókòó bẹ́ẹ̀, tí inú rẹ̀ dákẹ́, tó ń wo ọ̀fun bàbá rẹ̀?

Ọ̀hún. Mo gbọ́, Bàbá. Omi rèé.

Pásítọ̀ Ọdẹ́wálé láti ìjọ bàbá mi ló wá bẹ̀ ẹ́ wò tó rí àwọn agbárí tó wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀. "Kí nìwọ̀nyí?" Rọ́bà ni, sà, mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. "Rọ́bà ta ni?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ti pè. "Tinú, má bínú. Wọ́n ní ilé ẹ ò jẹ́ kí ara Bàbá yá. Òkè àdúrà kan wà lẹ́yìn Ẹdúnàbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé wọn lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n máa fún wọn jẹ níbẹ̀?"

"Ààwẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ààwẹ̀. Ẹni tí mò ń bọ́ ní ṣíbí ṣíbí. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi — pé ẹ̀gbọ́n mi, á kú síbẹ̀ — ó dé ibẹ̀, ó dúró. Ohun tó jáde ni, "Mo ti gbọ́." Mo ti gbọ́! Bíi pé wọ́n ní kí n bá wọn ra iyọ̀. Bóyá bàbá mi fẹ́ lọ. Bóyá orí òkè láàárín àwọn tiẹ̀ ló fẹ́ kú sí, kì í ṣe ilé ìbátan ọ̀bọ. Ta ló bi í? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní, kò sì lè fi kọ̀, kò lè fi gbà.

Ògì ti tán. Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo rí i pé mo ti mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀… mo ti kúnlẹ̀, mò ń wọ̀ ọ́ fún un. Ọwọ́ mi ti ń múra ìrìn-àjò sílẹ̀ fún un, láì bi mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wúwo bí igi tútù. Mo gbé e sókè, mo fa ìbọ̀sẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ku ti òsì —

Nǹkan bọ́ lé mi lórí.

Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ti òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn. Mo rò pé ó yọ̀ ni. Mo dúró kó gbé e kúrò.

Kò gbé e kúrò. Àwọn ìka ń rìn. Mi ò tíì dirun láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Wọ́n wọ inú irun mi, wọ́n là á sọ́tùn-ún, wọ́n là á sósì, wọ́n wá nǹkan, wọ́n rí i, wọ́n fà á yọ. Mo gbójú sókè díẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀: òwú ìrọ̀rí, tín-ín-rín. Ó wò ó dáadáa. Ó jù ú nù. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà sórí mi.

Kò wo ojú mi.

Mo mọ ohun tí mò ń rí yìí. Dúró ná — mo mọ̀ ọ́n. Ní ọgbà ẹranko n'Íbàdàn, mo ti jókòó síwájú àgò ìnàkí rí, ní àárọ̀ tí akọ ńlá lu abo kan, tí abo náà lọ ká jọ sí kọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó là wọ́n. Ìgbà tó pẹ́, akọ yẹn rọra wá. Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀. Ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la irun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí abo náà fi tú ara sílẹ̀. Ọ̀bọ ń ṣe é. Ìnàkí ń ṣe é. Ó dá mi lójú pé àwọn inú ihò àpáta náà ṣe é. Ọ̀rọ̀ gígùn là ń lò fún un nínú ìwé. Láàárín ara wa, a kàn máa ń ní: wò ó, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ó ń bẹ̀ ẹ́…

Bàbá mi ń bẹ̀ mí.

Fèrè mọ́tò ń dún ní géètì. Ó tún dún. Ẹnìkan ń pe, "Ẹ kú ilé o! Dókítà!" Ìbọ̀sẹ̀ òsì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò sunkún. Mi ò dìde. Mo tẹ orí sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ẹ̀yìn.