Èyí Tí Òfin Gbà Mí Láyè Láti Pín

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń yẹ etí àwọn ọmọ jòjòló wò láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, kí n tó fi ìwádìí náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé méjì tí n kò mọ̀ rí yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan sì rí àṣìṣe burúkú nínú àtẹ kejì: ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá dáhùn lẹ́yìn ìbí, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n gbé e padà wá. Èmi kọ oṣù méjìlá. Mo tún un ṣe, mo sì súre fún ẹni náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí n gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn àṣẹ lórí títẹ̀ àti pínpín rẹ̀, lé wọn lọ́wọ́. Mo bọwọ́ lù ú láìkà á. Ìwé kíkà sì niṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun o.

Bó ṣe jáde ni mo gbé e sórí ìkànnì tí àwa ọ̀mọ̀wé ti ń fi iṣẹ́ wa han ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé gbọ́dọ̀ sanwó, iye tí nọ́ọ̀sì kankan kò ní í san. Lórí ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí, tẹ àtẹ kejì jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ní oṣù kẹfà, lẹ́tà àwọn onítẹ̀wé dé. Wọ́n ní mo ti fi ohun tí kì í ṣe tèmi tọrẹ. Kí n tó ka lẹ́tà náà tán, ìkànnì ti yọ ìwé mi kúrò. Mo bínú. Ta ló jókòó ti gbogbo ọmọ tó ń ké yẹn? Àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta ilẹ̀ kò lè máa bá ẹni tó rà á jà.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní yunifásítì kò bá mi bínú sí wọn. Ó yọjú sí ọ́fíìsì mi, ó ní, "Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ìgbéga máa jókòó, wọ́n á sì wo iye èèyàn tó ń kàwé yín lórí ìkànnì yẹn. Òfìfo ni tiyín báyìí. Ẹ tètè wá nǹkan fi síbẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fò mí. Àwọn tí mo kọ́ níwèé ti ń jókòó ṣíwájú mi ní ìpàdé.

Mo gba ilé-ìkàwé lọ bá olùtọ́jú tí a ń pè ní Ìyá Òfin. Ó tẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi.

"Èyí tí wọ́n tẹ̀, tiwọn ni. Èyí tó o tún ṣe lẹ́yìn àyẹ̀wò, tiwọn ni títí ọdún kan á fi pé. Èyí tó o kọ́kọ́ kọ, tìẹ ni. Gbé e síbi tó bá wù ẹ́."

"Àṣìṣe wà nínú àtẹ kejì ẹ̀, mà."

"Àṣìṣe yẹn náà, tìẹ ni."

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá tún un ṣe ńkọ́?"

"Ó ti di ẹ̀dà kejì nìyẹn. Kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má lo àtẹ kejì. Kò séwu."

Kò séwu fún òun. Èmi ni ìgbìmọ̀ máa rí i pé mo ṣàṣìṣe, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá ti jókòó tán, màá kọ ìkìlọ̀ náà. Mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sórí ìkànnì bó ṣe wà. Wọ́n gbé mi ga, wọ́n fi orúkọ oyè tuntun sára ilẹ̀kùn mi, mo sì gbàgbé. Irọ́ ni. N kò gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó dọ̀la, títí ọdún kan tí Ìyá Òfin sọ fi pé, tí mo lè gbé ẹ̀dà kejì síbẹ̀. N kò gbé e.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni àbúrò mi wọlé láìkanlẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó tẹ́ bébà kan síwájú mi: àtẹ kejì, oṣù méjìlá.

"Wọ́n kun ògiri wa lọ́dún tó kọjá," ó ní, "wọ́n fa ti àkọ́kọ́ ya. Mo padà sórí ojú-ewé yín, mo tẹ òmíràn. Mo rí i pé oṣù mẹ́ta ti di méjìlá. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèwádìí sí i, ó ti wá mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo fa bébà náà sọ́dọ̀ mi.

"Obìnrin kan gbé ọmọ ẹ̀ wá nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ó ní kì í yíjú tí òun bá pè é. Mo tọ́ka sí ògiri. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, kó di ọdún kan. Àárọ̀ yìí ló tún gbé e dé. Ọmọ náà ò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà ní ká ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú látìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti máa fọhùn." Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣòótọ́ nígbà tẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Mo sọ fún un nípa lẹ́tà, nípa fọ́ọ̀mù, nípa ẹ̀dà mẹ́ta. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Mo ní èyí nìkan ni òfin gbà mí láyè láti pín.

"Ìyá ọmọ náà wà nísàlẹ̀," ó ní. "Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un."