Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fi Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀

Láti àárọ̀ ni ìdí obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò kan kò ti gbé ìjókòó. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún lọ dojú bo maikirosíkóòpù, àfi bíi pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa yí padà nítorí pé òun rìn yí yàrá ká. Kò yí padà. Àwọn ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ń jẹ kòkòrò bí ẹni tí ebi ti ń pa láti àná.

Ọlọ́dẹ ni orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ara, kí wọ́n sì gbé kòkòrò àìsàn tó bá yọ́ wọlé mì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ̀ bóyá wọ́n ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Á bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, á da òkú kòkòrò tí wọ́n ti pa láró sí i, á wá wo iye tí ọlọ́dẹ kọ̀ọ̀kan gbé mì. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn odò tó ń ṣe aṣọ tí omi kì í wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń pariwo tipẹ́ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa aṣọ náà lára ò jẹ́ kí ara àwọn le, pé bí egbò bá jinná lẹ́sẹ̀, ọ̀fìnkìn á dé. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń yẹ̀ wò láti bí oṣù mélòó kan.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè sọ pé ọlọ́dẹ kan ń sùn láìjẹ́ pé ó ti rí èyí tó lajú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n á máa fi wọn ìyókù, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò sún mọ́ kẹ́míkà náà rárá. Ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń wá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á na apá, á bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́: "Ẹ rọra fà á o, ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ò pọ̀ láyé mọ́." Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wé tirẹ̀, wọ́n á rí i pé bákan náà ni wọ́n rí, wọ́n á sì sọ fáwọn òṣìṣẹ́ pé kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Lọ́sẹ̀ yìí, àbúrò kò wá. Ó ń múra ilé ìwòsàn. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n yọ kókó inú ilé ọmọ rẹ̀. Ni ayẹ̀jẹ̀wò bá yá ẹ̀jẹ̀ akẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n. Ọlọ́dẹ Onírùngbọ̀n ló ń jẹun bí ẹlẹ́bi yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ńṣe ni tàwọn òṣìṣẹ́ ń tòògbé.

"Kí lo jẹ wá síbi iṣẹ́?" ó bi í.

"Búrẹ́dì. Kí ló dé, ṣé mo ti ń kú lọ ni?"

Kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó na apá tirẹ̀ náà, ó ní kí Onírùngbọ̀n fa ẹ̀jẹ̀ òun náà. Nígbà tó yá, ó tún dojú bo maikirosíkóòpù. Ọlọ́dẹ tirẹ̀ náà ń jẹun kíkankíkan. Bí tòun bá dára, tí ti Onírùngbọ̀n dára, tí tàwọn òṣìṣẹ́ kò dára, tí tàwọn òṣìṣẹ́ sì bá ti àbúrò òun dọ́gba... Ó sọ fún Onírùngbọ̀n pé ti àbúrò òun náà ń sùn.

"Gbogbo ẹni tó ń fún wa lẹ́jẹ̀ la máa ń bi ní ohun tó ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́," Onírùngbọ̀n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé ẹ bi àbúrò yín?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í sí? Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí! Mo mọ̀ ọ́n."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló gbọ́ ohun tó ń tẹnu òun jáde. Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n, kò sì béèrè bóyá ó mọ́. Àmì ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, òun sì ti fi ọ̀kan ṣe èkejì láti ọjọ́ yìí wá. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fẹ́ fọ́ abọ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ló wá gbapò ìbínú: lọ́la ni wọ́n fẹ́ la inú ẹni tí àwọn ọlọ́dẹ rẹ̀ ń sùn. Ó bọ́ ẹ̀wù funfun sọ́wọ́, ó ń pe dókítà lórí fóònù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu alùpùpù lójú títì.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, báàgì ilé ìwòsàn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ wá bá mi gbé báàgì ni? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n parí èyí. Oníbàárà mi ò lè dúró dìgbà tí mo bá bọ́ lọ́wọ́ dókítà."

Aṣọ òjò ni. Àbúrò rán etí rẹ̀ tán, ó tẹrí ba, ó kó etí aṣọ àti òwú pọ̀ sẹ́nu, ó fi eyín já òwú náà, ó tu èyí tó kù sílẹ̀.

"Níbo lo ti rí aṣọ yìí?"

"Àjákù ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn odò ni. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń kó o dà sí. Ó ti lé lọ́dún tí mo ti ń rán an. Kí lẹ ń wò mí báyìí sí?"

Ẹ̀gbọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó ní kó má lọ lọ́la, pé dókítà ti gbà láti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú kí wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa.

"Èmi tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi bí omi ẹ̀rọ lóṣooṣù?" Àbúrò dìde. "Láti ọjọ́ yìí tẹ́ ẹ ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ ò bi mí ohun tí mò ń rán?"

"Mi ò bi ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Àbúrò kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó rọra jókòó padà. "Ó dáa. Ẹ bi mí báyìí."

Ẹ̀gbọ́n nu ojú. Bó ṣe máa ń bi àwọn àlejò níbi iṣẹ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ò tilẹ̀ rántí pé ọmọ ìyá òun nìyí. "Ṣé ẹ máa ń wọ ìbọ̀wọ́?"

"Ta lẹ ń pè ní 'ẹ'?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Rárá. Mi ò kì í wọ̀ ọ́."

"Ṣé ibi tẹ́ ẹ ti ń rán an náà lẹ ti ń jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló tún ń fọwọ́ kan aṣọ náà nínú ilé yìí?"

Àbúrò yíjú wo ìlẹ̀kùn yàrá inú. Kó tó la ẹnu, ohùn ìyá wọn ti jáde láti ibẹ̀.

"Ṣé o ti rán èyí tó kù tán? Gbé e wá, kí n bá ọ já òwú rẹ̀. Eyín mi ṣì mú ju tìrẹ lọ."