Ọ̀sán Tí Àwẹ̀ró Wá Wọṣọ fún Ọkọ Rẹ̀

Koríko ló hù sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ga dé orúnkún, ó sì gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Àwọn àga gígùn wà ní ìlà bí wọ́n ti máa ń wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan lórí wọn. Níbi tí oníwàásù máa ń dúró sí, ẹṣin kan ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ pòròpórò ọkà bàbà, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dí àdúrà lọ́wọ́. Díákónì Oyèkàn mọ ẹṣin náà dáadáa. Sùúrù ni, ẹṣin òun fúnra rẹ̀, pupa tó ní funfun níwájú orí. Ohun tó ya Díákónì lẹ́nu ni pé òun ń rìn lọ bá a láìmú ọ̀pá.

Ó rẹ̀ ẹ́. Àní lójú àlá pàápàá, ó rẹ̀ ẹ́. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án tó ti já láti orí Sùúrù nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Kíṣí ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń kó wọn ládìẹ jẹ, tí egungun itan rẹ̀ ọ̀tún sì dá. Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi omi gbígbóná jó ojú ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ibà mú Àwẹ̀ró, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì lò. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló lọ, aláìsàn ló kù.

Àpótí aṣọ wà níwájú rẹ̀ nínú koríko. Ó ṣí i, ó sì fa ṣòkòtò kan jáde.

"Èwo lẹ fẹ́ wọ̀ yẹn, Bàbá Fẹ̀hìntọlá?"

Àwẹ̀ró ló jókòó sí apá obìnrin, nínú aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá. Kò dà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Ṣòkòtò mi ni."

"Mo rí i pé ṣòkòtò ni. Ìyàwó lẹ ń lọ gbé ni?"

Díákónì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì í. Kẹ̀ǹbẹ̀ ló mú lọ́wọ́, ṣòkòtò ńlá oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí ẹṣin kàn ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí í wọ̀ ọ́ lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bùbá àtijọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀, àti dígò, ṣòkòtò tó há mọ́ ẹsẹ̀ tí a ń so ní ọrùn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó ṣubú, àwọn àlejò kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wòran, Díákónì sì fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́. Kẹ̀ǹbẹ̀ ló wọ̀. Nígbà tí Sùúrù fo kòtò, aṣọ náà ti há sínú àlùkẹ́mbù, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kò sì rí ẹsẹ̀ yọ. Nígbà tí àwọn tó gbé e wálé ń sọ pé ẹṣin burúkú ni, ó dákẹ́. Ó sì dákẹ́ títí di òní, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fa Sùúrù fún oní-igi kí ó máa fi ru igi.

Àwẹ̀ró gba kẹ̀ǹbẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin lórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó mú dígò wá. "Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó yí okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ìka kan sábẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó le jù. Bó ti ń so ó nìyẹn láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí. Àwẹ̀ró, ó ti sú mi. Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

"Níbo? Ẹ ò tíì wọ bùbá."

Díákónì wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O mọ̀, àbí?"

"Èmi ni mo fọ kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn, èmi ni mo rán an. Irin ló ya á. Mo ní kí n fún yín láyè, ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín." Ó wo Sùúrù tó ń jẹun lọ. "Ọlọ́run la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan rí, ó sì rojọ́ ara rẹ̀. Ti ẹṣin yín yìí, kò là á."

Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Díákónì Oyèkàn lajú lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lókè. Itan rẹ̀ ń dùn ún bíi ti àná, ọ̀pá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ohùn Gbénró àbúrò rẹ̀ àti ti oní-igi tó wá mú ẹṣin.

Ó wọlé, ó wá dígò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn rẹ̀, ìrora mú un débi pé ó ní láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó so ó tán, ó sinmi, ó wá so èkejì. Nígbà náà ni àlá náà yé e. Àwẹ̀ró kò wá mú un lọ. Ó wá lé e jáde sójú ayé ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Gbénró bi í nígbà tí Díákónì yọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Níbo lẹ fẹ́ wọ dígò lọ?"

"Tú ẹṣin náà sílẹ̀."

"Ẹṣin tó gbé yín ṣubú?"

"Kò gbé mi ṣubú. Kẹ̀ǹbẹ̀ ni mo wọ̀."

Gbénró wò ó lọ wò ó bọ̀. "Kẹ̀ǹbẹ̀. Lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀."

"Nítorí àlejò. Ó há sínú irin. Ẹ ń bú ẹṣin láti oṣù mẹ́sàn-án, mo sì ń gbọ́."

Oní-igi bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Baba, ìlú á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́dún."

"Kí wọ́n ṣe é. Ó tọ́ sí mi. Gbénró, dojú odó dé kí n gùn ún."

Àwọn méjèèjì gbé e láti orí odó sórí gàárì. Òógùn bò ó, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré. Láti ẹ̀yìn ìlú, ajá àwọn ẹlẹ́ṣin tó tún ń lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń gbó. Kò ní lè bá wọn sáré lónìí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò rìn dé etí igbó, yóò sọ fún gbogbo wọn ohun tó sọ níbí, yóò sì padà.

Ó tẹ̀ba síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi súnmọ́ etí ẹṣin náà.

"Má bínú," ni ó wí, ó sì dúró, kò fa ìjánu, títí Sùúrù fi gbé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀.