Aya Ta Ni?

"Doyin, ta ló fi orúkọ Lazarus wọlé? Jọ̀ọ́, tì í síta. Òkú kì í wá sí ìpàdé."

Ohùn Bíṣọ́ọ̀bù Kànmí nìyẹn, nínú ìpàdé orí ẹ̀rọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rìnsọ́lá gbọ́ ẹ̀rín náà ketekete. Ìdí tábìlì ìdáná ló jókòó sí, ó wọ búláòsì funfun tí ó lọ̀ láàárọ̀ yẹn, ó sì ti nawọ́ sókè níwájú tábílẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́ tán. Ó la ẹnu láti sọ pé, "Èmi ni o," ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ojú gbogbo àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti aya wọn ti pòórá. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: kí ó dúró, wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún un láìpẹ́.

Oṣù kẹta rèé tí Lazarus ọkọ rẹ̀ ti kú. Lazarus ló ni tábílẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ ló sì máa ń jáde bí wọ́n bá wọ ìpàdé. Láti ọjọ́ méjì ni Rìnsọ́lá ti ń fẹ́ pa orúkọ náà rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀. Èwo ni kí èèyàn sin ọkọ rẹ̀ tán, kí ó tún fi ìka ara rẹ̀ nù ún kúrò?

Ó fi fóònù pe Lucy, aya Àlùfáà Christopher tó ti fẹ̀yìntì, ní àdúgbò Mount Hope. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Lucy fi jọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó.

"Lucy, wọ́n ti tì mí síta."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wo ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ pààrọ̀ orúkọ yẹn kíá, ẹ kọ tiyín sí i. Wọn ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ilé. Màá gbé fóònù yìí sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ lè máa gbọ́ wọn. A ti pa màíkì tiwa, wọn ò lè gbọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ ilé ni Rìnsọ́lá bá wá. Ọdún méjìlélógún ló ti ń gbé ilé ìjọ ní Stapleton, ní erékùṣù Staten Island nílẹ̀ òyìnbó. Òfin ìjọ sọ pé opó òjíṣẹ́ Ọlọ́run lè gbé ibẹ̀ fún ọdún kan sí i, bí òun fúnra rẹ̀ bá tọrọ rẹ̀ ní ìpàdé ìgbà ìrúwé, tí ẹnì kan nínú àwọn tó ti fẹ̀yìntì sì tì í lẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó jáde kí oṣù karùn-ún tó parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìpàdé náà ń wáyé lọ́dún, òní sì ni. Christopher ti ṣèlérí. "Èmi tí Lazarus fà lọ́wọ́ wọ iṣẹ́ Ọlọ́run," ó wí níbi ìsìnkú, "ṣé èmi ni n ò ní dìde fún yín?"

Rìnsọ́lá ń ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, títí orúkọ rẹ̀ fi pé.

Ohùn Doyin akọ̀wé jáde nínú fóònù. "Bàbá Bíṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Rìnsọ́lá Akíntáyọ̀ ni wọ́n kọ."

Yàrá ẹ̀yìn ilé Stapleton yìí ni ìyá tó bí Bíṣọ́ọ̀bù Kànmí kú sí, lọ́wọ́ Rìnsọ́lá, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá tí ó fi ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń yí i padà lórí ibùsùn, tí ó ń fún un lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. "Ìyá mi kejì" ni Kànmí ń pè é nígbà náà.

"Ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ti fẹ̀yìntì àti àwọn aya wọn nìyí," Bíṣọ́ọ̀bù wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Rìnsọ́lá kì í ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ó wá ku ìbéèrè kan: aya ta ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Aya Lazarus ni mí!" Rìnsọ́lá ké sínú fóònù. "Lucy, sọ fún wọn!"

"Bàbá Délé, ẹ tan màíkì!" Lucy ń pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ sọ̀rọ̀! Ṣebí ẹ ṣèlérí!"

"Lucy, fara balẹ̀. Kúnmi ni wọ́n fẹ́ fún nílé yẹn. Ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni. Orúkọ Délé ọmọ wa sì wà lára àwọn tí wọ́n máa fi jẹ àlùfáà lóṣù kẹfà. Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi yọ ọmọ mi ni?"

"Christopher! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Christopher!"

Rìnsọ́lá kò gbọ́ ọ rí kí Lucy pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

"Ó kan ọ̀rọ̀ ilé Stapleton," Bíṣọ́ọ̀bù wí. "Ǹjẹ́ opó kankan wà níbí tó ní ohun tí yóò tọrọ?"

Rìnsọ́lá tẹ tábílẹ́ẹ̀tì, ó tún un tẹ̀. Ìlà kan náà: kí ó dúró.

"Kò sí, Bàbá," Doyin wí.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Opó kò yọjú. Ẹ jẹ́ kí a wá gbàdúrà fún àwọn opó àti àwọn aláìníbaba."

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ṣe Àmín. Àmín ti Christopher ló ròkè jù létí Rìnsọ́lá, nítorí òun ló sún mọ́ fóònù jù.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, Kúnmi dé pẹ̀lú páálí ẹrù àti Tiffany aya rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bí sí Staten Island níbí. Kúnmi kọ́kọ́ kan pátákó orúkọ tuntun mọ́ ara ilẹ̀kùn, díẹ̀ sí òkè ibi tí wọ́n ti yọ ti Lazarus, kí ó tó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ ṣeun, Mama. Ẹ máa fi àdúrà rántí wa o."

Rìnsọ́lá wo ọwọ́ náà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Tiffany.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi?"

"Pastor Kúnmi Ọdẹ́wálé, Mama."

"Tìrẹ ńkọ́?"

Tiffany rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kò sí àyè."

"Tèmi náà, wọ́n ní kò sí àyè. Wo ojú ìṣó ti Lazarus nísàlẹ̀ yẹn. Fọwọ́ kàn án."

Tiffany fi ìka kan ihò àkọ́kọ́, ó fi kan ìkejì. Nígbà tí Rìnsọ́lá fi gbé àpótí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí ó kọjú sí ọ̀nà St. George níbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Kúnmi ń pe aya rẹ̀ láti inú ilé. Tiffany ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìka rẹ̀ nínú ihò, ó ń wo pátákó tí orúkọ rẹ̀ kò sí.